Ìwọ̀n Àyà

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń wọn àyà obìnrin ní Ìsánlú,
ní ṣọ́ọ̀bù onípáànù lẹ́bàá ọ̀nà Kábà.
Téèpù á yí wọn ká, èmi á kọ nọ́ńbà sínú ìwé:
ìyàwó káńsílọ̀, méjìlélógójì;
Tíṣà Ìbíronkẹ́, mẹ́rìndínlógójì, ó ní kí n má fún un jù.
Tèmi nìkan ni n kò kọ síbì kankan.

Èmi tí mo mọ ibi tí dáàtì ń gbé,
fúnra mi ni mo ń rán fóòmù sínú kọ́mú mi,
ọ̀kan nípọn, èkejì fẹ́lẹ́,
torí ọmú òsì gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dojú kọlẹ̀,
tọ̀tún ò tilẹ̀ jọ pé ó fẹ́ dé.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, lódò, ẹnìkan pè mí ní iṣu orí àpáta.
N kò bá a jà. Mo mọ iṣu náà.
Lóko bàbá mi, níbi tí òkúta ti ń jẹ ọkọ́,
iṣu tó bá há sáàárín òkúta méjì kì í sanra,
ọrùn rẹ̀ á fún, orí rẹ̀ nìkan ni yóò wú.
Bàbá kì í gbé e lọ sọ́jà.
Ilé la ti ń jẹ ẹ́. Ó sì máa ń dùn.

Dókítà Olórúntọ́ba, ní Ẹ̀gbẹ́, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, “Bí òrùka ni, lábẹ́ awọ, ó fún ìdí ọmú pa.
Kò sóhun tí o ṣe. Kò sẹ́ni tó ṣe ọ́.”
Mo ní iṣu ni. Ó ní kí n ṣàlàyé.
Mo bi í léèrè ọmọ tí n kò tíì bí:
ṣé yóò rí nǹkan fà mu?
Kò purọ́. “Bóyá. Ká tó fọwọ́ kàn án náà, bóyá ni.”

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ó fi bírò fa ìlà sí mi láyà
bí mo ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí léèsì.
Mo rí i pé ìlà òsì ti wọ́ díẹ̀.
Mo sọ ọ́. Ó tún un wọ̀n.

Lẹ́yìn náà, òùngbẹ.
Rọ́bà méjì ń ti abẹ́ apá mi jáde sínú ìgò,
Nọ́ọ̀sì Méjàbí ń kà á bí owó èsúsú:
àádọ́ta, ọgbọ̀n, mẹ́jọ. “Ọ̀la a ó yọ ọ́.”

Mo mọ gbogbo kòtò ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ sí Ìsánlú lórúkọ báyìí.
Ìrọ̀rí láyà, ọwọ́ lórí ìrọ̀rí,
dírẹ́bà ń tọrọ àforíjì, kò mọ ìdí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, apá mi ò gbọdọ̀ kọjá èjìká.
Ẹ̀yìn ni mo fi ń sùn, mo ń ka ìṣó ara páànù.
Ìbídùn ọmọṣẹ́ mi ba léèsì ìyàwó káńsílọ̀ jẹ́,
n kò lè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ń fa ojú ọgbẹ́.

“Okun o,” ni gbogbo ẹni tó ń kọjá ń wí,
bí a ti ń kí ara wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀.
Ẹgbẹ̀rún ìgbà ni mo ti dáhùn láìgbọ́ ọ.
Lóṣù yẹn mo gbọ́ ọ,
mo sì wá a lára mi bóyá ó ti dé.

Yèyé ló ń wẹ̀ mí. Kò fọhùn láti ìbẹ̀rẹ̀.
Lọ́jọ́ kan ó gbé kànrìnkàn dúró lójú àpá náà:
“Bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn.
Ọ̀kan ò ní omi rárá. Èkejì lo fi dàgbà.”
Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀yìn mi.

Orí ọmú òsì ṣì kú tipiri. Abẹ́rẹ́ gún un, n kò mọ̀.
Lánàá mo fa téèpù yí ara mi ká,
mo ṣí ìwé, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ ti Tíṣà Ìbíronkẹ́,
mo kọ nọ́ńbà.
Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́,
torí wíwú náà ò tíì lọ tán.